Ẹ̀kán Kan Ṣoṣo: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Òróró Sínámọ́nì

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo ilé sì ti ń wá ohun tí yóò mú ara gbóná, tí yóò sì mú yàrá ta sánsán. Bóyá ìdí nìyí tí ìbéèrè lórí òróró sínámọ́nì fi pọ̀ ju ti ohunkóhun mìíràn lọ nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí ojú ewé yìí lóṣù yìí. Mẹ́fà ni mo mú síwájú, nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mẹ́rin ni òróró náà ti pa ẹnìkan lára kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára. Apòògùn ni mí, mo ti ń ta oògùn ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún pípẹ́, n kò sì kórìíra òróró olóòórùn. Mo fẹ́ràn òórùn sínámọ́nì gan-an. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹ gbádùn rẹ̀ láìsí pé ó jó yín.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìgò kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere, "Cinnamon Oil" nìkan ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tí ó tà á fún mi ní kí a máa fi pa ọrùn àti àyà nígbà òtútù. Ọmọbìnrin mi kán an bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi pa ọrùn kí ó tó sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọrùn rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti yọ ìléròrò. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Èmi a máa fi èèpo sínámọ́nì sínú tíì lójoojúmọ́, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan rí. — *Ìyá kan ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú wàhálà ọmọ. Kò di dandan kí ó jẹ́ ayédèrú. Ojúlówó òróró sínámọ́nì gan-an ni ó máa ń jó ènìyàn báyìí bí a kò bá fi òróró mìíràn là á, bí ó bá sì ti jẹ́ ojúlówó tó náà ni ó ṣe máa ń jó tó.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń pọn ògógóró rí, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé yín. Wọn a gbé ẹmu tí ó ti kan ka iná, ooru rẹ̀ a gba inú ọ̀pá kọjá níbi tí omi tútù wà, ohun tí ó sì ń kán ní ẹnu ọ̀pá náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹmu mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi ooru omi fa òróró yọ lára èèpo igi sínámọ́nì. Bí wọ́n bá kó 100 kílò èèpo igi sínámọ́nì ti Sri Lanka sínú agbada ìpọnti náà, nǹkan bíi kílò òróró kan ni wọn yóò rí, nígbà púpọ̀ ni kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èèpo tí ẹ ń fi sínú tíì ni ẹmu. Èyí tí ó wà nínú ìgò ni ògógóró, agbára rẹ̀ sì ju ti ògógóró lọ.

Èròjà tí a ń pè ní cinnamaldehyde ni ó kó ju ìlàjì lọ nínú òróró tí a fà láti ara èèpo. Òun ni ó ń fún sínámọ́nì ní òórùn dídùn yẹn, òun náà ni ó sì ń ta ara bí ata. Ibi tí ó ti ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ìjóni ọjọ́ kan. Bí ara ènìyàn bá ti kọ èròjà yìí lẹ́ẹ̀kan, ó lè máa kọ̀ ọ́ títí ayé, débi pé ọṣẹ ìfọyín tàbí ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi adùn sínámọ́nì sí yóò máa mú kí ètè onítọ̀hún wú. Nítorí náà, kí ọmọ yín má ṣe fi òróró náà kan ara mọ́, bí ọrùn rẹ̀ tilẹ̀ ti san.

Ẹ wo ara ìgò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí ó ń ta ojúlówó máa ń kọ orúkọ igi náà ní èdè Látìn, yóò sì sọ apá ibi tí wọ́n ti fa òróró náà. *Cinnamomum verum* ni igi ti Sri Lanka. *Cinnamomum cassia* ni ti Ṣáínà, òróró tirẹ̀ sì tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Bark" túmọ̀ sí èèpo, "leaf" sì túmọ̀ sí ewé. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èèpo àti ewé kì í ṣe kékeré. Èròjà eugenol ni ó pọ̀ jù nínú òróró ti ewé, òun kan náà ni ó sì pọ̀ jù nínú kànáfùrù. Ẹni tí ó bá ti fi kànáfùrù sí eyín tí ń dùn ún rí ti mọ bí ó ṣe máa ń ta, tí ó sì máa ń mú ẹnu kú. Ti ewé rọ̀ ju ti èèpo lọ lára awọ, ṣùgbọ́n kò rọ̀ tó èyí tí a lè pa sára lásán. Ìgò tí kò bá sọ èyí tí ó jẹ́, bí irú tiyín yìí, ẹ kà á sí èyí tí ó le jù.

Ní ti ọrùn ọmọ yín: ẹ má fi bálúùmù amúnigbóná kankan lé e, ẹ má sì tú ìléròrò náà. Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Bí kò bá rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, tàbí tí ó bá ń tàn kálẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ṣẹ́ ti yunifásítì wa, kí dókítà awọ lè wò ó. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí awọ ara ẹnikẹ́ni, kí ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ sídìí omi. Òróró ìdáná ni kí ẹ rẹ sí aṣọ mímọ́, kí ẹ fi nù ún kúrò, lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti omi.

Ìdí rẹ̀ nìyí, ẹ sì lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ bu omi sínú abọ́ funfun, kí ẹ kán òróró sínámọ́nì kan sí i. Ó lè kọ́kọ́ dúró lójú omi bí ẹni tí ń ronú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tì í, yóò rì lọ sí ìsàlẹ̀ abọ́, yóò sì jókòó síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ó wúwo ju omi lọ, kì í sì í pò mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá kán an sínú omi ìwẹ̀ ọmọ, tí ó rò pé omi ti là á, kò là á rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni ọmọ yóò jókòó lé.

Ìbéèrè: Èmi ni aṣáájú ẹgbẹ́ aládùúrà àwọn obìnrin ní ìjọ wa ní Ìsọ̀kun, Iléṣà. A ka Ẹ́kísódù orí 30, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún Mósè bí yóò ṣe ṣe òróró mímọ́, a sì fẹ́ ṣe tiwa. Mo da ìlàjì ìgò òróró sínámọ́nì 10 ml sínú òróró ólífì 100 ml, a gbàdúrà sí i, a sì fi yan ara wa lórí. Iwájú orí àwọn arábìnrin mẹ́ta ń jó wọn títí di ọjọ́ kejì, ojú ọ̀kan sì wú. Àwọn kan ní iná Ẹ̀mí ni. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. — *Ìyá Àdúrà, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ìyá Àdúrà, mo dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ ka ìdáhùn yìí sí etí gbogbo ẹgbẹ́. Èròjà inú ìgò náà ni ó jó wọn. Ìlàjì ìgò 10 ml jẹ́ 5 ml, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òróró ólífì yín. Robert Tisserand àti Rodney Young, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àkójọ ìmọ̀ lórí ewu àwọn òróró olóòórùn, fi òdiwọ̀n sí i ní ọdún 2014: òróró èèpo sínámọ́nì tí yóò kan awọ kò gbọdọ̀ ju 0.07 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ ti fi nǹkan bí ìlọ́po 70 kọjá òdiwọ̀n yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ la ohun tí ẹ ti pò dé ibi tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ óò nílò òróró ólífì tí ó lé ní lítà méje.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú Bíbélì fúnra rẹ̀. Kinamoni dídùn ni ẹsẹ 23 pè é, òdiwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ àádọ́ta-lé-rúgba ṣékélì, nínú àwọn tùràrí àti igi olóòórùn mìíràn, pẹ̀lú òróró ólífì. Àwọn nǹkan olóòórùn tí a ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ni ibẹ̀ ń sọ, iṣẹ́ alápòlù ni ó sì pè é. Kò sọ ohun tí a ti fi ooru fà yọ, tí a rọ sínú ìgò kékeré, ní ibẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tí ó sọ yín di aláìgbọràn bí ẹ bá lo èèpo dípò òróró inú ìgò. Ohun tí ẹsẹ 32 àti 33 sọ, pé kí a má ṣe irú òróró náà, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àlùfáà yín.

Ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá wà ní ipò yín ni pé n óò mú ọ̀pá èèpo sínámọ́nì kan tí ó gbẹ dáadáa, n óò ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, n óò kó o sínú ìgò tí kò ní ọ̀rinrin rárá, n óò sì da òróró ólífì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ sí ibi tí oòrùn kò dé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa mì ín lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Òórùn rẹ̀ yóò rọra jáde. Kò ní le bí ti ìgò, ìyẹn gan-an ni ó sì dára nínú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ti ìgò ni ẹ ṣì fẹ́ lò, ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú ṣíbí ìjẹun ńlá márùn-ún òróró ólífì ni. Nǹkan bí 20 ẹ̀kán ni ó ń jẹ́ 1 ml, ṣíbí ńlá márùn-ún sì jẹ́ 75 ml. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ óò rí i pé kò kọjá òdiwọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹ̀kán kan yóò dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ẹ ṣe é, ẹ dé e fún ọjọ́ kan, kí ẹ tó ṣí i gbóòórùn. Kí ẹ tó fi kan orí ẹnikẹ́ni, kí olúkúlùkù fi díẹ̀ sí inú apá, lókè ọrùn ọwọ́, kí ó sì dúró fún ọjọ́ méjì gbáko. Ẹni tí ibẹ̀ bá yún tàbí tí ó pọ́n kò gbọdọ̀ lò ó. Àwọn arábìnrin mẹ́ta tí ó jó kò tún gbọdọ̀ sún mọ́ ọn mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni aboyún àti ọmọdé. Ẹ sì má fi sí iwájú orí ní ọ̀sán gangan nínú ilé ìjọsìn tí ó gbóná, nítorí òógùn yóò fà á sọ̀ kalẹ̀ sínú ojú. Mo fura pé ohun tí ó ṣe arábìnrin tí ojú rẹ̀ wú nìyẹn. Kí ó lọ fi ojú náà han dókítà.

Èyí tí ẹ ti pò tẹ́lẹ̀, ẹ da sínú ìyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tàbí èérún pákó, ẹ dì í, kí ẹ sì kó o dànù. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kànga.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwa mẹ́rin ni a sì ń gbé yàrá kan. Mo ra difúsà kékeré kan, ẹ̀rọ tí ń fọ́n òórùn sínú yàrá, mo máa ń kán òróró sínámọ́nì bíi mẹ́wàá sí i, a ó sì tàn án mọ́jú bí iná bá wà. Ọ̀kan nínú wa tí ó ní ikọ́ fée ń ṣàròyé pé àyà òun ń há. Àwọn mìíràn ní ó ń pa kòkòrò àìsàn inú yàrá. Ta ni kí n gbà gbọ́? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Ìdáhùn: Ẹni tí àyà rẹ̀ ń há ni kí o gbà gbọ́, kí o sì pa ẹ̀rọ náà lálẹ́ òní. Ìkùukùu tí difúsà ń fọ́n sókè kì í ṣe òórùn lásán, òróró gan-an ni ó wà nínú rẹ̀ ní wínníwínní, ohun tí ó sì ń ta awọ yóò ta ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sínú ìkọlù tí yóò gbà kí a gbé e dìde ní òru. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń gbé yàrá yẹn, kí ẹ má tan sínámọ́nì níbẹ̀ rárá. Bí òun bá tilẹ̀ ní kò burú, kí ẹ má tàn án.

Ní ti kòkòrò àìsàn, òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti na òtítọ́ náà kọjá ibi tí ó mọ. Nínú yàrá ìwádìí, bí wọ́n bá fi cinnamaldehyde tàbí eugenol sí orí kòkòrò bakitéríà nínú àwo, ó máa ń pa á. Afẹ́fẹ́ yàrá tí ènìyàn mẹ́rin ń sùn sí kì í ṣe àwo ìwádìí. Kí òróró tó pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó èyí tí yóò pa kòkòrò, yóò ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń mí in léṣe. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbá ilẹ̀, ẹ sá tìmùtìmù sí oòrùn. Ìyẹn yóò ṣiṣẹ́ jù.

Èrò pé òórùn lè tọ́jú ara kì í ṣe ohun àjèjì sí wa, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é lónìí, aromatherapy, ọwọ́ René-Maurice Gattefossé, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Faransé, ni ó ti jáde ní 1937. Bí o bá dé ilé tí kò sí aláìsàn, aboyún tàbí ọmọ kékeré níbẹ̀, tí ó sì wù ọ́ láti gbóòórùn sínámọ́nì, ẹ̀kán kan tàbí méjì nínú 100 ml omi ti tó. Tàn án fún ìdajì wákàtí, kí o pa á, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Fọ inú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òróró yìí máa ń jẹ ike. Bí iná bá lọ, kán an sí òwú nínú àwo kékeré kí o sì gbé e sí orí àpótí gíga, ó tó. N kò fẹ́ràn ìkòkò kékeré tí wọ́n ń gbé ka orí àbẹ́là nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́, nítorí òróró náà máa ń gbaná, oorun sì lè gbé ọ lọ. Èyí tí mo kọ̀ pátápátá ni kí a kán sínámọ́nì sínú omi gbígbóná kí a sì fi aṣọ borí láti fa ooru rẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ọ̀fìnkìn. Ẹnìkan ṣe é níwájú mi rí, kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi ju aṣọ náà nù, tí omijé ń dà ní ojú rẹ̀ tí kò sì lè sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ní ológbò nílé, kí ó má sí nínú yàrá tí ẹ ti ń tàn án. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti lọ irú èròjà bí eugenol.

Ìbéèrè: Bàbá mi ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì tún ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n gbọ́ pé sínámọ́nì ń mú ṣúgà wálẹ̀, wọ́n sì ń kán òróró rẹ̀ méjì sínú tíì láràárọ̀. Ṣé ó dára? — *Ọmọ tí ó ń ṣàníyàn, Iléṣà*

Ìdáhùn: Kò dára. Ẹ bá mi bẹ bàbá pé kí wọ́n dá a dúró lónìí. Òróró inú ìgò kì í ṣe fún mímu. Ó ń ta ẹnu, ọ̀fun àti inú ikùn. Eugenol tí ó wà nínú rẹ̀ sì tún lè dí dídì ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, kí ó wá kún agbára oògùn tí wọ́n ti ń lò. Ẹni tí ó ń lo warfarin tàbí aspirin tí ó sì ń mu èyí lé e lè máa sẹ̀jẹ̀ nínú láìmọ̀. Ẹ wo erìgì wọn bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ wo ara wọn bóyá ó ń dúdú ní ibi tí nǹkan kan kò ti gbá wọn, kí ẹ bi wọ́n bí ìgbẹ́ wọn bá dúdú. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó dé Ilé Ìwòsàn Wesley Guild. Bí kò bá sí, ẹ ṣì sọ fún dókítà wọn ní ọjọ́ tí wọn yóò tún lọ, kí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wọn kò gbọdọ̀ dá oògùn dókítà dúró nítorí ohun tí mo kọ yìí.

Ìwádìí tí ó wà lórí sínámọ́nì àti ìtọ̀ ṣúgà, ìyẹ̀fun rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn lò, èsì wọn kò sì ṣọ̀kan. Bí bàbá bá sì wá rò pé àwọn yóò kúkú máa bu ìyẹ̀fun ṣíbí-ṣíbí lójoojúmọ́, ẹ rántí pé èròjà kan tí ń jẹ́ coumarin wà nínú irú ti Ṣáínà, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ìbéèrè: Mo ń ta òrí tí mo pò mọ́ òróró àgbọn ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Atákúmọ́sà. Àwọn oníbàárà ń béèrè èyí tí ó ní òórùn sínámọ́nì. Mo ti rí òróró ti ewé rà. Mélòó ni kí n kán sí òrí 500 gíráàmù? — *Olùtà ìpara, Iléṣà*

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ewé ni ẹ rà, tí ẹ sì béèrè kí ẹ tó pò ó. Òdiwọ̀n ti ewé jẹ́ 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí túmọ̀ sí pé nínú 500 gíráàmù, kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 3. Èmi yóò dúró sí 2, nítorí ẹni tí ó ń pa òrí a máa pa á káàkiri ara, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ má fi ẹ̀kán kà á nígbà tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ tó báyìí, nítorí ẹnu ìgò kò dọ́gba, ẹ̀kán ìgò kan lè tóbi ju ti èkejì lọ. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí ń ka gíráàmù. Ẹ jẹ́ kí òrí náà tutù díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti yọ́ kí ẹ tó da òróró náà sí i, kí ẹ sì rò ó títí, nítorí ibi tí kò bá pò dáadáa ni ẹnìkan yóò fi ọwọ́ bù ní ọjọ́ kan.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sí ara ike kọ̀ọ̀kan, ní lẹ́tà gàdàgbà, ní Yorùbá: *Kì í ṣe fún ọmọ ọwọ́.* Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, òrí ni ìyá àgbà yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí bí wọ́n bá ti wẹ ọmọ tuntun tán, wọn yóò fi ra á láti orí dé ẹsẹ̀, wọn a sì fi díẹ̀ sí ìdodo. Ìyá àgbà kì í bi òrí léèrè bóyá sínámọ́nì wà nínú rẹ̀. Ẹ ya ike òrí lásán sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́mọ, kí àwọ̀ ike náà sì yàtọ̀. Bí ọjà yín bá ti ń kúrò ní ti àdúgbò, ẹ lọ bá àwọn NAFDAC kí ẹ gba nọ́ńbà.

Ìbéèrè: Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣí ìgò òróró sínámọ́nì tí ìyá rẹ̀ gbé sí orí tábìlì. Ó ta sí i lójú, ó sì lá díẹ̀. A fún un ní epo pupa mu, ó sì bì. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì bá wa wí. Kí ni ó yẹ kí a ti ṣe? — *Ìyá àgbà, Modákẹ́kẹ́*

Ìdáhùn: A dúpẹ́ pé ó yè, Mọ́mì. Mo mọ̀ pé epo pupa ni àwọn tí ó tọ́ wa dàgbà kọ́ wa láti fún ẹni tí ó bá gbé nǹkan burúkú mì, ìfẹ́ ni ẹ sì fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ òróró, èébì ni ewu tí ó tóbi jù. Bí ọmọ bá ń bì, díẹ̀ nínú òróró náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ohun tí yóò sì ṣe níbẹ̀ burú ju èyí tí ì bá ṣe nínú ikùn. Nítorí náà ni àwọn nọ́ọ̀sì fi bá yín wí. Kí ẹ má fún un ní epo, kí ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó tutù nu ètè àti ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbéra.

Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ gbé ọmọ náà sí abẹ́ ẹ̀rọ omi tàbí kí ẹnìkan máa fi ife da omi mímọ́ sí i, kí ẹ fi ìka méjì ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, kí omi máa ṣàn láti ìdí imú lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí, fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Yóò ké, yóò sì jà. Ẹ má dẹwọ́. Èmi náà ti fi àtàǹpàkò tí òróró yìí ta sí nu ojú mi rí nínú ṣọ́ọ̀bù, ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi kò sì tó ẹ̀kán kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ tí mo fi ń da omi sí i dà bí ẹni pé omi náà kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú ìgò náà dání, kí dókítà lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i, kí ó sì rí iye tí ó kù. Bí ẹ bá ti dé ilé, ẹ sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó dé e le, kí ó sì gbé e sínú àpótí oògùn tí ó ní kọ́kọ́rọ́, lókè.